Ohun Tí A Sọ Nù Tí Kò Nù: Ẹ̀kọ́ Lórí Pàǹtírí Olóró Inú Ilé

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá ní sáà yìí kì í ṣe lórí oríkì tàbí àṣà ìgbéyàwó bí a ti máa ń ṣe. Orí ilẹ̀ gbígbá ni. Kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín o. Bí ẹ bá kà á dé òpin, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Ní sáà tó kọjá, ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, a gbọ́ ìró kan lẹ́yìn ilé ibùgbé wa bí ìgbà tí ìbọn bá dún. Gbogbo wa sáré jáde. Bàbá tó ń bá wa gbá àyíká la bá tó jókòó sílẹ̀, tó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Ó ti kó ìdọ̀tí jọ, ó sì ti ṣáná sí i gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe. Agolo oògùn ẹ̀fọn kan ló bẹ́ nínú iná náà. Irin ya iwájú orí rẹ̀, iná sì jó o ní apá. Ọlọ́run ló yọ ojú rẹ̀. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, a dá owó jọ, a san owó oògùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a padà dé tí a wo agolo náà, a dá a mọ̀. Yàrá wa ló ti jáde. Àwa la lò ó tán ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, àwa náà la jù ú sínú garawa ìdọ̀tí. A kò ní i lọ́kàn láti ṣe ẹnikẹ́ni níbi. A kàn sọ ọ́ nù ni.

SỌ NÙ, DÀ NÙ

Ẹ jẹ́ kí a fi ara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ méjì yìí: sọ nù, dà nù. "Nù" tó wà nínú wọn ń sọ fún wa pé nǹkan náà ti lọ, kò sí mọ́. Àwọn baba wa kò purọ́ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Kí ni wọ́n ń dà sí ààtàn láyé ọjọ́un? Èèpo iṣu, èèpo ẹ̀gẹ́, ewé ẹ̀kọ, eérú, ìgbẹ́ ewúrẹ́. Òjò á rọ̀ sí i, gbogbo rẹ̀ á jẹrà, á di ilẹ̀dú tí ewébẹ̀ ń hù lórí rẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wí pé ààtàn kì í kọ ẹ̀gbin. Ìdọ̀tí tiwọn nù lóòótọ́.

Àwa tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Kàdúná, "bola" tí àwọn Haúsá ń pe ìdọ̀tí la kọ́kọ́ mọ̀ kí a tó gbọ́ "ààtàn" lẹ́nu ìyá wa àgbà. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú bola ìsinsìnyí yàtọ̀ pátápátá sí ti ààtàn ìyá àgbà. Bátìrì wà níbẹ̀, gílóòbù tó ti jó wà níbẹ̀, ìgò oògùn eku, agolo ọ̀dà, fóònù tó ti bàjẹ́, abẹ́rẹ́, oògùn tó ti kọjá ọjọ́ rẹ̀. Àwọn nǹkan wọ̀nyí la pè ní pàǹtírí olóró: ìdọ̀tí tó lè gbiná, tó lè bẹ́, tó lè jó ara, tàbí tó lè di májèlé fún ènìyàn, ẹran àti omi. Wọn kì í jẹrà. Wọn kì í nù. Ọwọ́ ni wọ́n ń pààrọ̀. Ohun tó kúrò lọ́wọ́ tiwa yóò bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn, bóyá ọwọ́ ẹni tó ń gbálẹ̀, bóyá ọwọ́ ọmọ tó ń ṣa irin kiri, bóyá inú kànga aládùúgbò. Ìbéèrè kan ṣoṣo tí a fẹ́ kí ẹ rántí nínú ẹ̀kọ́ yìí ni pé: ọwọ́ ta ni yóò dé?

ÌGÒ ỌTÍ DÍDÙN ÀTI KẸROSÍÌNÌ

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé tiwa. Ní Tudun Wada ní Kàdúná la gbé nígbà náà, nínú ilé oníyàrá púpọ̀ tí ayálégbé kọjú sí ara wọn. Ìyá wa a máa ra kẹrosíìnì díẹ̀díẹ̀, wọn a sì máa rọ ọ́ sínú ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Gbogbo ilé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí oòrùn mú gidi, àbúrò wa tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta rí ike náà lábẹ́ tábìlì. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ó ṣí i, ó gbé e mu.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ará ilé máa ń kọ́kọ́ ké sí. "Epo pupa! Ẹ fún un ní epo pupa!" Wọ́n rọ epo sí i lọ́fun, ó sì bì. Inú gbogbo wa dùn pé májèlé ti jáde. Kò pẹ́, èémí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ètè rẹ̀ sì ń yí àwọ̀ padà. Ní ilé ìwòsàn ni dókítà ti ṣàlàyé fún ìyá wa. Kẹrosíìnì fúyẹ́, ó sì máa ń yọ̀. Nínú ikùn, ewu rẹ̀ kò tó ti inú ẹ̀dọ̀fóró. Nígbà tí ọmọ bá ń bì, ìgbà náà gan-an ló máa ń yà sí ọ̀nà èémí. Epo pupa tí a fún un láti fi gbà á là ló dá kún ìṣòro náà.

Ọmọ náà yè, a dúpẹ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò lórí bẹ́ẹ̀dì. Láti ìgbà náà, ìyá wa kì í jẹ́ kí a gbé ike ọtí kankan sílẹ̀ tí omi kò bá sí nínú rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn: bí ẹnikẹ́ni bá gbé kẹrosíìnì, pẹtiróòlù tàbí ásíìdì mu, ẹ má mú un bì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fún un ní mílíìkì. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ sì mú ìgò ohun tó mu dání kí dókítà lè mọ ohun tó ń bá jà.

KOKO, ZAMFARA ÀTI DAKAR

Bí ọ̀rọ̀ inú ilé ṣe rí ni ti orílẹ̀-èdè náà rí. Ní ọdún 1988, àṣírí tú pé wọ́n ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá pàǹtírí olóró láti Ítálì wá sí Koko, ìlú etí odò tó wà ní Ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà náà, Delta tòní. Àgbàlá ẹnì kan ni wọ́n kó o sí, wọ́n sì ń san owó táṣẹ́rẹ́ fún un lóṣooṣù. Àwọn ará Ítálì ti sọ tiwọn nù. Ọwọ́ àwọn ará Koko ló dé. Ìròyìn ìgbà náà sọ pé àwọn kan tú ohun inú àgbá jáde kí wọ́n lè fi àgbá pọn omi. Ẹ wò ó, ìgò ọtí àti kẹrosíìnì náà ni, ó kàn tóbi jù ú lọ ni.

Ta ló sì tú àṣírí yìí? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni! Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé ní Ítálì ló kọ̀wé sí àwọn ìwé ìròyìn nílé. Ìjọba fárígá, wọ́n sì fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹrù náà kúrò ní Koko lọ́dún náà. Láti inú ọ̀rọ̀ yìí ni Òfin Kejìlélógójì ọdún 1988 ti jáde, èyí tó sọ kíkó pàǹtírí olóró wọlé di ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, wọ́n sì dá àjọ FEPA sílẹ̀ lọ́dún kan náà láti máa bójú tó àyíká. NESREA tí òfin ọdún 2007 dá sílẹ̀ ló ń mú kí àwọn òfin àyíká múlẹ̀ lónìí. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí ni akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a sún mọ́ apá òkè yìí. Ní ọdún 2010, ní Ìpínlẹ̀ Zamfara, ní abúlé bíi Dareta àti Yargalma, àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í gìrì, wọ́n sì ń kú. Òkúta tí àwọn ènìyàn ń gbẹ́ láti wá góòlù ni òjé wà nínú rẹ̀. Wọ́n ń gbé e wálé, wọ́n ń fọ́ ọ nínú àgbàlá, àwọn mìíràn ń fi ẹ̀rọ ìlọkà lọ̀ ọ́. Eruku rẹ̀ bà sórí ilẹ̀ tí ọmọ ń rá lórí rẹ̀. Ó ju 400 ọmọdé lọ tó bá a lọ. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar ní Senegal, ọmọdé 18 ló kú láàrin òpin ọdún 2007 àti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2008. Bátìrì mọ́tò àtijọ́ tí wọ́n ń fọ́ ládùúgbò náà ni wọ́n ti ń yọ òjé, iyanrìn olójé sì dé inú ilé. Òjé kì í pariwo. Ọpọlọ ọmọdé ló máa ń bà jẹ́, kò sì sí ìwọ̀n rẹ̀ tí a mọ̀ pé kò léwu.

BÍ A ṢE LÈ TỌ́JÚ OHUN KỌ̀Ọ̀KAN

Òfin mẹ́ta ló bo gbogbo rẹ̀. Èkíní: májèlé kì í kúrò nínú ìgò tó bá wá. Èkejì: a kì í po ó mọ́ májèlé mìíràn tàbí ìdọ̀tí lásán. Ẹ̀kẹta: a kì í sun ún, a kì í dà á sí gọ́tà. Ẹ jẹ́ kí a wá mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

1. Bátìrì. Bátìrì fóònù àti ti páwà báńkì lè gbiná bí a bá gún un tàbí tí a tẹ̀ ẹ́. Èyí tó bá ti wú, ẹ má lò ó mọ́, ẹ má fi sábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹ fi sẹ́lótéèpù di ojú tí iná ń gbà jáde, kí ẹ fi í sínú ike gbígbẹ tó jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì àti sí ohun tó ń gbiná. Bátìrì inverter àti ti mọ́tò, odindi ni kí ẹ dá a padà fún ẹni tó ń ta tuntun. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń yọ owó díẹ̀ kúrò nínú iye tuntun nítorí rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́ ọ nínú ọgbà yín, ẹ má sì da omi inú rẹ̀ sílẹ̀.

2. Gílóòbù funfun. Iná gbọọrọ àti gílóòbù wíwé tí a ń lò tẹ́lẹ̀ ní mẹ́kúrì díẹ̀ nínú. Bí ó bá fọ́, ẹ ṣí fèrèsé, kí gbogbo ènìyàn jáde fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ má fi ọwọ̀ gbá a, torí yóò fọ́n eruku rẹ̀ kiri. Ẹ fi páálí líle kó o, kí ẹ fi sẹ́lótéèpù mú èyí tó kù nílẹ̀, kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú ìgò tó ní ìdérí. LED tí a ń rà nísinsìnyí kò ní mẹ́kúrì.

3. Oògùn kòkòrò àti ti eku. Olómi tí wọ́n ń pè ní DDVP, oró gidi ni fún ènìyàn. Ní ọdún 2019, NAFDAC fi òfin de títa ike kékeré rẹ̀ ní ọjà àti ní sọ́ọ̀bù gbogbo. Ọ̀tapíàpíà tí wọ́n ń rọ sínú ìgò tí kò ní ìwé lára tún burú jù, torí ẹni tó rà á kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ike oògùn tó ti tán, a kì í fi bu omi, a kì í fi bu epo. Ẹ ṣan án lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ lo omi rẹ̀ níbi tí ẹ ti ń fín oògùn náà gan-an, lẹ́yìn náà kí ẹ dá a lu kí ẹnikẹ́ni má lè lò ó mọ́. Ṣùgbọ́n agolo tí a ń tẹ̀ lórí kó tó fín, èyí tó ṣe Bàbá léṣe, a kì í dá a lu, a kì í sì jẹ́ kó rí iná. Ẹ yà á sọ́tọ̀.

4. Ọ̀dà, tínà àti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Ọ̀dà tó bá kù, ẹ wá ẹni tó lè lò ó. Bí kò bá tó nǹkan, ẹ po iyanrìn mọ́ ọn níta gbangba kó gbẹ kí ẹ tó kó o dànù. Ọ́ìlì jẹnẹrétọ̀, ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, kí ẹ gbé e fún mẹkáníìkì. Bí ó bá wọ ilẹ̀, kànga ni yóò dé.

5. Ohun tí a fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe fọ̀nfọ̀nfọ̀n ní òpin ọ̀sẹ̀, ẹ tẹ́tí o. Hypo tàbí Jik, a kì í po ó mọ́ ásíìdì tí a fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Gáàsì chlorine ni yóò jáde, gáàsì kan náà tí àwọn Jámánì fi bá àwọn ọ̀tá wọn jà ní Ypres ní ọdún 1915. Ìtọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀ náà, bí a bá da Hypo lé e lórí, yóò mú gáàsì tó ń ta ènìyàn lójú àti láyà wá. Ẹ kọ́kọ́ da omi púpọ̀ sí i. Bí ó bá ti ń ta yín, ẹ jáde síta.

6. Oògùn àti abẹ́rẹ́. Oògùn tó ti kọjá ọjọ́ rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi apoògùn bóyá yóò gbà á. Bí kò bá gbà á, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú páálí, kí ẹ po ó mọ́ iyanrìn tútù tàbí eérú, kí ẹ dì í sínú ọ̀rá kí ẹnikẹ́ni má lè ṣà á jẹ. Èyí nìkan ni a fi àyè sílẹ̀ fún pé kó kúrò nínú ohun tó bá wá. Abẹ́rẹ́ àti bíléèdì, inú ike líle tó ní ìdérí ni kí ẹ kó wọn sí. Ọwọ́ ọmọ tó ń ṣa irin lórí bola ni kí ẹ máa rántí.

BÍ ẸGBẸ́ WA ṢE LÈ KÓ O JỌ

Ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, kò sí ọkọ̀ tó ń wá kó irú ìdọ̀tí yìí lọ́tọ̀. Ìdí nìyí tí a fi rò pé ẹgbẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é níwọ̀nba. Ṣùgbọ́n a kì í gbẹ́rù tí a kò mọ ibi tí a ó sọ̀ ọ́ sí. Kí a tó kó ohunkóhun jọ, kí a kọ́kọ́ bi ẹni tí yóò gbà á: ọ́fíìsì NESREA tó wà nítòsí, ẹ̀ka tó ń rí sí àyíká nínú ọgbà, àwọn olùkọ́ ẹ̀ka kẹ́mísìrì tí wọ́n mọ bí a ṣe ń pa ásíìdì mọ́, àti àwọn tó ń ta bátìrì. Fún fóònù àti kọ̀ǹpútà, EPRON wà, ẹgbẹ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ta ẹ̀rọ ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ọdún 2018.

Bí a bá ti rí olùgbà, kí ilé ibùgbé kọ̀ọ̀kan ní garawa onídèérí mẹ́ta: ọ̀kan fún bátìrì, ọ̀kan fún gílóòbù, ọ̀kan fún agolo tí a ń fín. Kí iyanrìn gbígbẹ wà nídìí ti bátìrì. Kí wọ́n wà níbi tí oòrùn kì í tà sí, tí òjò kì í pa, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, kí ó jìnnà sí ibi ìdáná. Kí a kọ ohun tó wà nínú wọn sí wọn lára ní Yorùbá, ní Haúsá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, kí a sì ya àwòrán sí i fún ẹni tí kò mọ̀wé. Kí ẹni méjì máa ṣọ́ ọ, kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́. Kí a má gba olómi kankan. Ti olómi, kí olówó rẹ̀ gbé e lọ fún olùgbà fúnra rẹ̀ nínú ìgò tó bá wá.

Ẹlòmíràn lè ní iṣẹ́ ìjọba nìyẹn. Òótọ́ ni, ó sì yẹ kí a máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ẹni tó sì da eérú ni eérú ń tọ̀.

Ojú ọgbẹ́ Bàbá ti jinná, ó sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí a lọ bẹ̀ ẹ́ pé yàrá wa ni agolo náà ti wá, ó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ló bi wá ní Haúsá pé ṣé wọ́n kọ ohunkóhun sára rẹ̀. A ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n kọ ọ́ pé kí a má sun ún. Ó ní, "Èmi kò mọ̀wé. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n kà." Kò fi ìbínú sọ ọ́, ṣùgbọ́n a kò rí èsì fún un. Ẹ̀kọ́ yìí ni èsì wa.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàrin ààtàn àwọn baba wa àti ti òde òní?
2. Kí nìdí tí kò fi yẹ kí a fún ẹni tó mu kẹrosíìnì ní epo pupa?
3. Àjọṣe wo ló wà láàrin àgbá Koko àti ike ọtí tí a rọ kẹrosíìnì sí?
4. Ẹ wo yàrá yín yíká. Ohun olóró mélòó ló wà níbẹ̀? Bí ẹ bá sọ wọ́n nù lónìí, ọwọ́ ta ni yóò dé?

Ire o.